Ohùn Tó Kù Lẹ́yìn Ẹ̀kọ́

"Wọ́n ní ó ń fi ohùn òkú…"

"Òkú wo?"

"Olùkọ́ inú àwo nì. Ìyá ọmọ tí kì í jáde yẹn. Wọ́n ní ó ti kó o sínú ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n ní ó ń…"

"Ó ń tà á?"

"Èmi ò sọ pé ó ń tà á o! Ohun tí mo gbọ́ ni pé àwọn kan jó sí i."

"Wọ́n jó sí ohùn òkú!"

"Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà bá ọkọ rẹ̀ sọ kó tó dákẹ́ pàápàá, wọ́n ní ó wà nínú… Ẹ jẹ́ n panu mọ́. Ọmọ náà ló ń bọ̀ yẹn."

Èmi ni ọmọ náà. Bọ́tìnnì ni Àǹtí mi ní kí n lọ rà, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni mo sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Mo kí wọn, wọ́n kí mi, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé mi ò ra bọ́tìnnì kankan.

Ẹni tí wọ́n ń sọ yẹn ni mo fẹ́ fẹ́.

Iṣẹ́ tí Bàbá mi ṣe nígbà èwe rẹ̀ ni iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀. Yàrá kan wà tí wọ́n fi kànrìnkàn bo gbogbo ògiri rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹ̀kọ́ sórí téèpù, tí wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ sórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún àwọn ilé-ìwé: ìṣirò, orúkọ ẹyẹ, bí òjò ṣe ń di òjò. Màmá mi ni ohùn tó ń kọ́ni. Ibi iṣẹ́ náà ni wọ́n ti pàdé, òun níwájú gíláàsì, Bàbá lẹ́yìn gíláàsì. Bàbá máa ń sọ pé òun ti mọ ohùn ìyàwó òun dáadáa kí òun tó mọ bó ṣe ń rìn.

Bákan náà ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà ń lọ. Agogo kékeré kan á dún, tíìn, ìyẹn ni pé kí ọmọ ṣí ojú ìwé mìíràn. Màmá á béèrè ìbéèrè. Á wá dákẹ́ díẹ̀, kí ọmọ lè ráyè dáhùn. Lẹ́yìn náà á ní, "Ó káre." Láàrin ẹ̀kọ́ kan sí èkejì, wọ́n á fi orin tín-ín-rín kan sí i, orin tí wọ́n fi ẹ̀rọ iná ayé àtijọ́ ṣe, tó ń gbọ̀n bí ìgbà tí wọ́n bá na ohùn eéṣú.

N kò tíì rìn dáadáa nígbà tí àìsàn mú Màmá lọ. Bàbá kò rán mi nílé-ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní, "Ta ni yóò kọ́ ọ ju ìyá rẹ̀ lọ?" Nínú pálọ̀ wa ni mo ti kàwé, níwájú ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù. Màmá á bi mí, n ó dá a lóhùn, á ní ó káre. Mo gbà pé ó ń gbọ́ mi. Ní ọjọ́ kan ó béèrè pé níbo ni òjò ti ń wá, ni mo bá mọ̀ọ́mọ̀ dáhùn pé inú ìkòkò ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó káre." Mo sunkún títí ojú mi fi wú, Bàbá rò pé eyín ló ń dùn mí.

Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn. Tí èèyàn bá bi mí ní nǹkan, ọ̀rọ̀ á ti pé sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu náà á wúwo, n ó máa retí agogo. Ní iwájú ilé, Àǹtí Aránṣọ, àbúrò Bàbá mi tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí tó sì ń gbé ọ̀dọ̀ wa, ń rán aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ni mò ń bá a tẹ bọ́tìnnì sí i. Èmi fúnra mi ò wọ ọ̀kan rí.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wa kọṣẹ́ ni Àǹtí lọ pe alátùnṣe kan wá. Onítíìn ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, nítorí ohùn tó ń jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbé àpò irinṣẹ́ wọlé, ó kí Bàbá, ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Nígbà tó ṣe é tán, ó fi ọ̀kan nínú àwo Màmá sí i láti dán an wò.

Tíìn.

Ọwọ́ rẹ̀ nà jáde, ó ṣí ojú ìwé tí kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ tèmi náà ti ṣí i.

A wo ara wa.

Màmá béèrè nínú àwo pé, "Ẹyẹ wo ló tóbi jù, tí kò sì lè fò?"

"Ògòǹgò," ni àwa méjèèjì wí pa pọ̀.

"Ó káre," ni Màmá wí.

Àǹtí Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹ wá wo àwọn ọmọ jẹ́léósinmi méjì o! Ọ̀kan ti hu irùngbọ̀n."

Onítíìn rẹ́rìn-ín, ó wá yíjú sí mi. "Àwo yìí ni wọ́n fi kọ́ wa nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ agogo mìíràn lójú títì, ọwọ́ mi á fẹ́ ṣí nǹkan. Mo rò pé èmi nìkan ni wèrè."

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe òun nìkan. Mo retí agogo. Kò dún. Ó di àpò rẹ̀, ó lọ.

Ṣùgbọ́n ó padà wá. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní òun gbàgbé síkúrù. Lẹ́ẹ̀kejì ó ní òun fẹ́ wo bóyá ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, kó tó la ẹnu, Àǹtí ti ní, "Síkúrù wo lo tún gbàgbé? Jókòó, jàre. Ó wà nínú ilé, ó ń fi gèlè mìíràn sórí."

Nígbà tó yá, Àǹtí mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ibi tóóró kan ni. Iwájú ni ó ti ń tún rédíò àwọn èèyàn ṣe. Ní ẹ̀yìn aṣọ títa kan ni dùùrù oníná méjì wà, àti kọ̀ǹpútà kan, àti wáyà bí ìfun ẹran. Ó ní òun kì í fi ìlù tàbí àgídìgbo ṣe orin tòun. Àwọn àwo ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni òun ń wá kiri, àwọn tí ilé-ìwé ti kó dànù. Òun á mú agogo ojú ìwé nínú wọn, òun á fà á gùn. Òun á mú ariwo eruku tó wà lójú àwo, kí abẹ́rẹ́ tó dé ibi ọ̀rọ̀, òun á fi ìyẹn ṣe òjò. Òun á wá fi dùùrù oníná tẹ̀lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Kí ló dé?" Mo bi í. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dá bá a sọ nìyẹn, láìsí àwo.

Ó ronú. "Wọ́n ṣèlérí nǹkan fún wa nínú àwo yẹn. N kò mọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dà bí ẹni tó dá a lójú pé ọ̀la máa dára. Mo ń wá ọ̀la náà ni."

Ó tẹ bọ́tìnnì kan. Bí ẹni pé ilé-ìwé kan ti rì sínú odò, tí agogo rẹ̀ ṣì ń lù lábẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni orin náà rí létí mi. Láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn ọmọ kan ti ń kà, ení, èjì, ẹ̀ta, wọn kò sì dé ẹ̀wá rí. Omi lé ròrò sí mi lójú.

Àǹtí tẹ́tí, ó tẹ́tí. "Orin nìyí? Ṣe ló dà bí fíríìjì tí ibà ń ṣe."

"Àǹtí, fíríìjì náà ní ohùn tirẹ̀ o," ni Onítíìn wí.

"Kí ọmọ mi má ṣáà bá fíríìjì lọ sílé ọkọ," ni Àǹtí wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń padà bọ̀, òun ló ń kùn ún lẹ́nu, tíìn, tíìn.

Kò fi ẹnu béèrè fún ìfẹ́ mi. Fóònù rẹ̀ ló fi rán Àǹtí sí mi, ó ní kí n fi sí etí. Agogo dún. Dùùrù náà kọ díẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá jáde, jẹ́jẹ́, bí ti olùkọ́: "Ṣé wàá fẹ́ mi?" Ó wá dákẹ́. Mo dúró de "ó káre." N kò gbọ́ ọ. Ìdákẹ́jẹ́ náà ń lọ, ó ń lọ, títí tí orin náà fi tán.

"Ó ní kí n sọ fún ọ," ni Àǹtí wí, "pé òun ò ní sọ 'ó káre' títí òun yóò fi gbọ́ ọ lóòótọ́. Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo mi orí.

"Orí mímì ò ṣeé gbé dé ojú títì. Sọ ọ́ jáde kí n mọ ohun tí mò ń rù."

"Ẹ ní kó wá."

Inú Bàbá kò kọ́kọ́ bàjẹ́ sí i. Àwọn àwo wa ti gbó nígbà náà, mo ti lò wọ́n débi pé ohùn Màmá ti ń hó bí ọ̀rá nínú páànù. Onítíìn wá bá Bàbá, ó ní, "Ẹ̀yin sà, tí àwọn téèpù ìpìlẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, mo lè gbé wọn sínú kọ̀ǹpútà kí ohùn Màmá má baà run. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan, sà. Téèpù tó ti pẹ́ tó báyìí, ara rẹ̀ máa ń re bí èèpo ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, erùpẹ̀ ni."

Bàbá dìde. Ó wọlé, ó kó àwọn téèpù náà jáde, ó fi aṣọ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wẹ ọmọ. Ọjọ́ tí Onítíìn gbé ohùn náà padà wá, tó mọ́ gaara, tí a gbọ́ bí Màmá ṣe ń mí kó tó sọ̀rọ̀, Bàbá di apá àga rẹ̀ mú. Ó ní, "Ọmọ mi, o káre." Onítíìn wò mí. Mo rò pé ayé mi ti dáa nìyẹn.

Àǹtí Aránṣọ ló fi oore ba nǹkan jẹ́. Ó rí téèpù kan tó kù ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá, lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, tí wọn kò kọ nǹkan sí lára. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé Bọ̀ọ̀dá òun gbàgbé ọ̀kan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lọ fún Onítíìn kí ó lè tún fi rí ojúrere sí i lójú Bàbá.

Ọjọ́ kejì ni Onítíìn wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àgbá téèpù náà kalẹ̀ lórí tábìlì, erùpẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ wà ní gbogbo etí rẹ̀. Bàbá rí i, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ta ló fún ọ?"

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá mi," ni Àǹtí wí. "Mo rò pé…"

"Mi ò bi ọ́!" Ó kọjú sí Onítíìn. "O ti gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"Títí dé ìparí?"

"Títí dé ìparí, sà."

Ìbéèrè kan ṣì kù tó yẹ kí Bàbá bi í. Mo rí i lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà kù tó yẹ kí Onítíìn sọ, nítorí ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Bàbá dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ìlẹ̀kùn.

Mo sin Onítíìn dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Kí ni Màmá mi sọ?"

"Bàbá rẹ ló bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ ti parí, wọn ò pa ẹ̀rọ, ló bá bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí mo bá fi ẹnu mi sọ ọ́ fún ọ, olè ni mo jẹ́. Bi í. Á sọ fún ọ."

Mo bi Bàbá. Ó ní, "Ẹ̀kọ́ ni."

Láàrin àkókò yẹn ni Onítíìn gbé orin rẹ̀ lọ síbi tí àwọn olórin irú tirẹ̀ ti ń pé jọ, tí wọ́n jókòó sílẹ̀ tí wọ́n di ojú. Agogo ló wà níbẹ̀, àti ìró eruku, àti Màmá mi tó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹnìkan tó gbọ́ ọ sọ fún ẹnìkan. Ẹnì yẹn fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà onídìrí, Màmá mi ti ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ, àwọn èèyàn sì ti ń jó.

Kí n tó padà délé lọ́jọ́ tí n kò ra bọ́tìnnì yẹn, ẹnìkan ti gbé òfófó náà wá fún Bàbá.

Ọjọ́ tí wọ́n ti dá ṣáájú pé wọ́n máa wá tọrọ mi ni ìyá Onítíìn àti àbúrò bàbá rẹ̀ wá, òun náà tẹ̀lé wọn. Ìyá rẹ̀ jẹ́ obìnrin kékeré kan tó ń fọṣọ fún àwọn ilé ìtura, ó ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù. Ó kí Bàbá tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òdòdó kan ni ọmọ wa rí nínú ọgbà yín…"

"Màmá," ni Bàbá dá a mọ́ ọn lẹ́nu, "ọmọ yín ń fi ìyá ọmọ mi jó."

Ìyá Onítíìn yíjú wo ọmọ rẹ̀.

"Irọ́ ni wọ́n pa fún yín, sà," ni Onítíìn wí. "Agogo ni, àti ònkà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé. Ọ̀rọ̀ mìíràn ò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi sí i kí ẹ gbọ́."

"Má fi nǹkan kan sí i nínú ilé mi!" N kò gbọ́ kí Bàbá pariwo bẹ́ẹ̀ rí. "Ṣé o fẹ́ ọmọ mi? Gbogbo ohùn ìyàwó mi tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ, pa á rẹ́. Gbogbo ẹ̀. Lójú mi níbí. Lẹ́yìn náà kí o mú un lọ."

"Ẹ̀kọ́ náà ńkọ́, sà? Téèpù ti re tán. Àwo ti gbó. Kò sí òmíràn mọ́ láyé yìí. Ìyá rẹ̀ ni."

"Mo ní pa á rẹ́."

Onítíìn gbé ojú kúrò lára Bàbá. Èmi ló yíjú sí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó gbé wá wà lórí itan rẹ̀, ó ti ṣí i. "Tìrẹ ni," ó wí fún mi jẹ́jẹ́. "Kí ni kí n ṣe?"

Ó wá dákẹ́, kí n lè ráyè dáhùn.

Tí mo bá ní pa á rẹ́, èmi ni mo pa Màmá mi lẹ́ẹ̀kejì. Tí mo bá ní má pa á rẹ́, mo pàdánù ọkùnrin kan ṣoṣo tó dúró gbọ́ mi rí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì pé sí mi lẹ́nu, ọ̀kan ò jẹ́ kí èkejì kọjá. Mo gbọ́ tí aago ògiri ń lọ. Mo rí i tí ìyá rẹ̀ ń wé etí ìborùn rẹ̀ mọ́ ìka. Mo retí kí ẹnìkan sọ pé ó káre.

Onítíìn pa ẹ̀rọ rẹ̀ dé. Ó tẹrí ba fún Bàbá. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, wọ́n lọ.

Ó ṣì ń rán Àǹtí sí mi fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àǹtí á dé, á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan, á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó ní òun ti rí ilé síbòmíràn. Ó ní kí o kàn sọ ọ̀rọ̀ kan, ìyókù di ọwọ́ òun. Bàbá rẹ á bínú, á sì tutù. Èmi ni àbúrò rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ sọ fún un pé…"

Ó dúró. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. "Pé kí ni?"

"Pé mo gbọ́."

Ó yọ abẹ́rẹ́ náà lẹ́nu. "Pé o gbọ́. Iná ń jó ilé èèyàn, o ní o gbọ́." Ó wá rí ojú mi, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fà mí mọ́ra. "Àwo ló tọ́ ọ, ọmọ mi. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀. Ọlọ́run má bi mí o."

Nígbà tí mo fi máa ní ìgboyà láti dé ṣọ́ọ̀bù náà fúnra mi, ẹni tó ń ta bàtà ló wà níbẹ̀.

Ọdún ń lọ. Ojú Àǹtí di bàìbàì, èmi wá di aránṣọ. Bàbá rọ sórí àga rẹ̀. Tí àwọn aládùúgbò bá tan rédíò, á ní kí n ti fèrèsé. Tí ọ̀dọ́ kan bá kọjá pẹ̀lú orin, á na ọrùn, á tẹ́tí, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun níwájú adájọ́. Mo rò pé ọgbẹ́ ìtìjú ni, pé àwọn kan jó sí ohùn aya rẹ̀. Mo ṣàánú rẹ̀. Àwọn kan wá béèrè mi, wọ́n lọ. Bí wọ́n bá bi mí ní nǹkan, wọn kì í dúró gbọ́.

Òwú ni mo lọ rà ní ìlú kejì lọ́jọ́ kan, nígbà tí òwú aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n fi ń rán aṣọ ilé-ìwé kan tán lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún wa. Mo ń kọjá lọ́nà kan tó ní ojìji. Tíìn. Ọwọ́ mi nà jáde láàrin ọjà, àpò mi já bọ́.

Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Irun funfun ti yọ sí i lẹ́bàá etí. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ aṣọ ilé-ìwé, ó ń fi ìka tẹ dùùrù.

"Ẹ káàsán," ni mo wí.

"Ẹ," ó tún un wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O ti wá ń pè mí ní 'ẹ'. Jókòó. Ìyá ọmọ yìí wà níbi iṣẹ́." Ó sọ ọ́ kíákíá, kí ó lè ti kúrò nílẹ̀.

A jókòó. Ó bi mí nípa Àǹtí. Ó ní, "Fíríìjì ṣì ń ṣàìsàn, sọ fún un." Ó wá fa dúróà yọ, ó mú nǹkan pelebe kan tí wọ́n ń kó ohùn pamọ́ sí, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Gbogbo ẹ̀kọ́ ìyá rẹ nìyẹn. Mi ò pa á rẹ́. Mi ò sì tún fi ṣe orin mọ́, àyàfi pé ọmọ yìí ń fi kàwé. Mo ń retí ẹni tó ni ín."

"Èyí tó kẹ́yìn yẹn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ òun àti Bàbá?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kò sí níbẹ̀. Kò sí níbì kankan."

"Ṣé o pa á rẹ́ ni?"

"N kò gbà á sílẹ̀ rárá. Téèpù ń kọ, kọ̀ǹpútà ń gbà. Ẹ̀kọ́ parí. Ó wá ní, 'Pa ẹ̀rọ yẹn.' Mo sì pa á." Ó gbé ojú sókè. "Ṣé ó yé ọ? Láti kékeré, ohùn yẹn ní ṣí ìwé, mo ṣí i. Ó ní dìde, mo dìde. Ó ní pa ẹ̀rọ yẹn, ọwọ́ mi ti pa ẹ̀rọ tèmi kí orí mi tó mọ̀ pé èmi kọ́ ló ń bá wí. Téèpù ń lọ, ó ń re, ó ń di erùpẹ̀, mo jókòó mo ń gbọ́ ọ, mi ò lè dá a dúró, mi ò lè dá a padà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyàwó èèyàn. Èmi ni mo sọ ọ́ nù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún bàbá rẹ? Ojú tì mí. Mo ní tí mo bá di àna rẹ̀ tán, n ó wá kúnlẹ̀ jẹ́wọ́."

"Ó rò pé ó wà lọ́wọ́ rẹ," ni mo wí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń yé mi. "Ìdí nìyẹn tó fi ní kí o pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Òun ló ń bẹ̀rù."

Ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, ó wá dúró síwájú mi. "Àǹtí, kí ni orúkọ yín?"

Mo la ẹnu. Mo retí agogo. Ọmọ náà dúró, ó ń wò mí, ó dúró dé ìwọ̀n ibi tí wọ́n kọ́ ọ láti dúró dé.

"Ó káre," ó wí, ó sì padà sídìí dùùrù.

Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú. Mo dìde. Ní ẹnu ọ̀nà mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ni mo wí, lọ́jọ́ náà gan-an. Inú yàrá ni mo ti sọ ọ́." Kò sọ pé ó káre. Ó kàn ń mi orí, orí mímì tí kò ṣeé gbé dé ibì kankan.

Bàbá wà lórí àga rẹ̀ nígbà tí mo délé. Àǹtí jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi ìka wá ojú abẹ́rẹ́. N kò bọ́ bàtà.

"Bàbá, mo rí Onítíìn. Kò gbà á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Màmá bá yín sọ, kò sí nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Kò fìgbà kan sí níbẹ̀. Nígbà tí Màmá ní kí ẹ pa ẹ̀rọ, òun ló pa tirẹ̀."

Ó pẹ́ kó tó yé e. Mo rí i bó ṣe ń wọ inú rẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń wọ inú ògiri.

"Kò sí níbì kankan?"

"Kò sí, sà."

"Gbogbo ọdún yìí." Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò kọ mọ́. "Gbogbo ìgbà ni mò ń retí kó dún láti ojú fèrèsé ẹnìkan. Kí o gbọ́ ọ. Kí o wá wò mí."

"Kí ló sọ?" ni mo bi í.

Mo wá dákẹ́. N kò sọ pé ó káre. N kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Àǹtí fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo dúró gẹ́gẹ́ bí ẹnìkan ṣe dúró dè mí rí, tí n kò sì dáhùn.

Nígbà tí Bàbá máa la ẹnu, kì í ṣe ohùn tirẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ohùn agbohùnsílẹ̀ ni, ẹni tó ti gbọ́ nǹkan ní àgbọ́túngbọ́ títí tó fi mọ ibi tí wọ́n ti mí nínú rẹ̀.

"Ó ní: 'Pa ẹ̀rọ yẹn. Ọ̀fun ń dùn mí. Wá jókòó. Ọmọ yìí, má fi í pamọ́ o. Mo mọ̀ ẹ́. O máa fẹ́ fi í pamọ́ sẹ́yìn gíláàsì bí o ṣe ń ṣe mí. Jẹ́ kó lọ síbi tí àwọn ọmọ ti ń pariwo. Má sì jẹ́ kó máa bá mi sọ̀rọ̀ nínú àwo, mi ò ní gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ ni kí o fún. Kí lò ń wò? Ṣé o ti pa á? O ò tíì pa á. Pa á, jàre.'"